Ẹ Fún Àmúsà Ní Máàkì Rẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ bí ọ̀fun ṣe ń rí lẹ́yìn kíláàsì mẹ́rin tí a kọ́ léraléra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka lẹ́tà yìí sí ẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, ọmọ ọmọ mi tó wà ní SS2 wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ti ń ka Ikú Olókùn Ẹṣin, ìtumọ̀ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe sí eré Wọlé Ṣóyínká. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n dárúkọ ẹ̀dá ìtàn méjì tó jẹ́ akínkanjú nínú eré náà, kí wọ́n sì sọ ìdí. Ọmọ náà kọ Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin Ọba, ó gba máàkì. Ó kọ Àmúsà ọlọ́pàá, wọ́n fi bírò pupa fa igi lé e láti òkè délẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ojo ni Àmúsà. Ṣe àtúnṣe."

Ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ojo ni lóòótọ́?"

N kò rí ohun sọ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà, ní ogún ọdún sẹ́yìn, igi pupa yẹn ni ǹ bá fà. Mo ti fa irú rẹ̀ sórí ìwé ọmọ ẹlòmíràn láìmọye ìgbà, ó sì ń dùn mí báyìí. Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo Àmúsà dáadáa. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Mùsùlùmí ni. Àwọn ará ọjà kà á sí ajá òyìnbó. Pilkings ajẹ́lẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kà á sí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé tó. Kò sí ẹni tó kì í nínú eré náà, kò sí onílù lẹ́yìn rẹ̀, kò sì wọ aṣọ iyì kankan yàtọ̀ sí ti ìjọba. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó gbé ìròyìn ńlá lọ sí ilé ọ̀gá rẹ̀: Ẹlẹ́ṣin Ọba fẹ́ kú kó lè bá ọba tó wàjà lọ. Ó débẹ̀, ó bá ọ̀gá àti Jane ìyàwó rẹ̀ nínú ẹ̀kú eégún. Ẹ̀kú tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gúngún ni wọ́n sọ di aṣọ ijó tí wọn yóò wọ̀ lọ sóde àríyá.

Ọ̀rọ̀ há sí Àmúsà lẹ́nu. Ó ní òun kò lè sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ẹni tó wọ aṣọ àwọn òkú. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó bọ́ ọ. Ọ̀gá fi ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀gá jágbe mọ́ ọn, Jane sì rán an létí pé òun Àmúsà yìí náà wà lára àwọn tó lọ kó àwọn aṣáájú ẹlẹ́gúngún. Èsì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kà sókè ní kíláàsì yín. Ó ní àwọn tó dá wàhálà sílẹ̀ lòun mú. Eégún fúnra rẹ̀, òun kò fọwọ́ kàn án, òun kò sì bú u.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo mọ́ ọn yẹn ló pààlà sáàárín iṣẹ́ ìjọba àti ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Kò yọ idà. Kò sọ̀kò ọ̀rọ̀. Kò sá lọ, kò sì yí ohùn padà. Nígbà tí wọ́n ní kó kọ ìròyìn náà sílẹ̀, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ di ṣíṣe, èèwọ̀ kò di jíjẹ. Bí a bá sì fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ìsìn ló mú un, ẹ wo Joseph, ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé kan náà. Ẹ̀kú kan náà ló wò, abẹ́ ọ̀gá kan náà ló wà, ó ní Kristẹni lòun, kò sí ohun tó lè fi òun ṣe. Àmúsà kì í ṣe ẹlẹ́gúngún. Kò sí ohun tó ní kó dúró níbẹ̀ bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń yàtọ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìtàn nìyẹn, níbi tí ẹni méjì ti dúró síwájú ohun kan náà tí ọ̀kan kọjá, tí ìkejì kò lè kọjá.

N kò sọ pé iṣẹ́ tó jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà dára. Ìwé tó kọ sílẹ̀ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ibi tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó sì lọ sí ọjà láti lọ mú Ẹlẹ́ṣin, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ibẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n gba kóńdó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ṣe ohun tí kò tọ́ ní agogo mẹ́sàn-án kò lè ṣe akin ní agogo méje? Ọmọ mi rí agogo méje. Ìwọ̀nba ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

A mọ ohun tó fa igi pupa. Ìfìwàwẹ̀dá ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà nínú sílábọ́ọ̀sì, bí a sì ṣe ń kọ́ ọ ni pé a ó ya ojú pátákó sí mẹ́ta: orúkọ ẹ̀dá ìtàn, ipa tó kó, ìwà rẹ̀. Lábẹ́ ìwà, a ó kọ akínkanjú, ọ̀dàlẹ̀, oníwọra, olóòótọ́, aláìlójútì. Àwọn ọmọ yóò há a sórí. Ó rọrùn láti máàkì, mo mọ̀. Ọgọ́ta ìwé lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pe ẹ̀dá ìtàn kan ní akínkanjú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, a ti sọ fún ọmọ náà pé akin jẹ́ oyè tí wọ́n fi ń bíni, bíi ti ọmọ ọba.

Bí oyè bá tó, Ẹlẹ́ṣin ni ì bá jẹ akin jù lọ. Ta ni kò ní yan Ẹlẹ́ṣin? Olóhùn-iyọ̀ ń kì í, gbogbo ọjà ń jó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ jọjú. Ó ní kò sí ohun tó lè dá òun dúró. Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ó ní òun fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìyálọ́jà ló ń fẹ́ ọmọ náà sọ́nà. Ìyálọ́jà fún un, ó sì kì í nílọ̀. Ìgbà tí àkókò tó, ilẹ̀ ayé ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí àwọn ọlọ́pàá tó dé. Nínú yàrá tí wọ́n ti í mọ́, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó sọ fún ìyàwó tuntun yẹn pé òyìnbó lòun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà òun dá àwọn òrìṣà lẹ́bi, ní báyìí ó ń ṣe òun bíi pé kí òun dá òun ìyàwó náà lẹ́bi. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ọkùnrin tó ń ti ẹ̀bi kiri bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò, títí kò fi rí ibi gbé e sí mọ́ àfi orí ara rẹ̀. Ṣé kò sí ìgboyà díẹ̀ nínú kí èèyàn jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ó wà. Ẹlòmíràn lè ní kò sí. Kí àwọn ọmọ jà á láàárín ara wọn, kí olùkọ́ sì jókòó kó máa gbọ́.

Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ní Ọ̀yọ́. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òyìnbó aláṣẹ kò jẹ́ kí Ẹlẹ́ṣin bá ọba lọ, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ti fi í ṣe eré, Ọba Wàjà, ní 1964, kí Ṣóyínká tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1975. Nínú ti Ládípọ̀, Gánà ni ọmọ Ẹlẹ́ṣin wà tó ń ṣòwò. Ṣóyínká ló sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fi ojú kékeré wo ìyípadà yẹn, àkókò tí mo fi kọ́ eré náà pọ̀ kó tó yé mi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gba ẹ̀mí là, tó ti wà ní ilé ìwòsàn láàárín àwọn sọ́jà tí ogun ṣe léṣe, ni a mú wá dúró níwájú ikú ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló sì ti bá a pinnu irú ẹni tó jẹ́. Pilkings tó ràn án lọ́wọ́ lọ sókè òkun rò pé ọmọ òun ni. Bàbá rẹ̀ kà á sí ẹni tó ti sọnù. Jane rò pé ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ yóò rí nǹkan bí òun ṣe rí i.

Olúńdé kò bá ẹnikẹ́ni pariwo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bá Jane sọ̀rọ̀. Jane sọ ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó fọ́ ọkọ̀ àti ara rẹ̀ yángá kí ewu ọkọ̀ náà má bàa pa àwọn ará ìlú etí òkun. Lójú Jane, ẹ̀mí ṣòfò ni. Olúńdé ní òun rí ìyè níbẹ̀. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ wá yọ sí i láàyè ní alẹ́ tí kò yẹ kó wà láàyè mọ́, ó ní òun kò ní bàbá. Ọ̀rọ̀ mélòó ni? Mo ti gbọ́ kí àwọn òṣèré pariwo rẹ̀ lórí ìtàgé, kò sì ta mí létí bí ìgbà tí mo kà á jẹ́ẹ́ nínú yàrá mi.

Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ṣíwájú eré náà pé kí a má ṣe sọ ọ́ di ìjà àṣà méjì, pé òkùnfà lásán ni òyìnbó inú rẹ̀. A kì í gbọ́. "Àṣà Yorùbá dojú kọ àṣà òyìnbó" ni a máa ń kọ sójú pátákó. Bí a bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Olúńdé di igi àsíá. A ti gba ohun tó ṣòro jù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é.

Kí n má gbàgbé: n kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi ikú Olúńdé ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ ọmọ mi gan-an bínú sí i. Ó ní kò yẹ kó kú, pé àwọn aláìsàn tí yóò tọ́jú ń bẹ nílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn ń dùn mí jù báyìí lọ. Láti 1938 tí Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ni a ti ń pe Kàkò ní akọni. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí Òkè Lángbòdó tí ọba rán wọn, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ní kò ní fi òun sílẹ̀. Kàkò fa àdá yọ, ó ṣá a pa, ó sì tẹ̀ lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo kọ́ ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà. "Ó fi iṣẹ́ ìlú ṣáájú ìfẹ́ ara rẹ̀" ni mo kọ sójú pátákó. Àwọn ọmọbìnrin jókòó níwájú mi, wọ́n dà á kọ, ọ̀kan nínú wọn kò béèrè nǹkan kan nítorí n kò fi àyè béèrè sílẹ̀. Àkàrà-oògùn tó ń sọ ìtàn náà kì í fi ẹ̀rù rẹ̀ pa mọ́ fún wa. Bí ẹ̀rù bà á, ó ń wí. Èmi ni mo ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀, tí mo ń pe àdá ní ìgboyà.

Ẹ̀dá ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún ohun tí ẹ ń kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan fi kọ Mọ́ròúntọ́dùn, ṣùgbọ́n inú oko wa ni ìtàn náà ti hù. Ogun Àgbẹ́kọ̀yà ni, ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ní owó orí ti pọ̀ ju agbára wọn lọ, tí wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn lè san. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn: àgbẹ̀ tó kọ ìyà. Kíkọ̀ ló wà nínú orúkọ náà.

Títúbí ni ọmọbìnrin inú eré Ọ̀ṣọ́fisan. Ọmọ olówó ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ olórí àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n, kí àwọn àgbẹ̀ lè já ẹ̀wọ̀n náà kí wọ́n sì mú un lọ, kó lè mọ olórí wọn, kó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mọ́remí ló fẹ́ jẹ́, Mọ́remí tó fi ara rẹ̀ fún ọ̀tá kó lè gba Ifẹ̀ là. Ọjọ́ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ yẹn, akin gidi ló dà lójú gbogbo ayé, ọlọ́pàá ń yìn ín. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn kọ́. Ó dé àárín àwọn àgbẹ̀, ó rí ìyà tó ń jẹ wọ́n, ó rí bí wọ́n ṣe ń pín ìwọ̀nba tí wọ́n ní. Ó wá yé e pé àwọn ọlọ́rọ̀ ni Mọ́remí tí òun fẹ́ jẹ́ yóò ṣiṣẹ́ fún. Ó ní láti pa Mọ́remí náà nínú ara rẹ̀. Ó dara pọ̀ mọ́ wọn, ó sì fẹ́ Marshal, ọkùnrin tó wá mú. Kò sí àtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀, ọrọ̀, orúkọ rere lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti àlá tó ti lá nípa ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sọnù lọ́jọ́ kan. Ẹ bá mi bi àwọn ọmọ pé ọjọ́ wo ló le jù fún un. Bí ìdáhùn wọn kò bá bá tèmi mu, kò burú rárá.

Gbogbo kíkọ̀ kọ́ ni akin, ẹ má ṣì mí gbọ́. Lápité náà kọ̀. Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, Lápité tí wọ́n fẹ́ fi jọba kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ ìbúra, kó má bàa di ẹni tí ìbúra dè, kó lè ráyè kó owó ìlú jẹ. Jogbo, ìlú rẹ̀, ló san gbèsè kíkọ̀ tirẹ̀. Àmúsà, ara rẹ̀ ló fi san tirẹ̀. Ọmọ SS2 lè rí ìyàtọ̀ yẹn bí a bá jẹ́ kó wá a.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni píríọ̀dù, ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀, kókó ni àwọn tó ń máàkì ń wá. Òótọ́ ni. N kò ní kí ẹ sọ pátákó nù. Ẹ kàn yí ìbéèrè padà. Dípò "kí ni ìwà rẹ̀," ẹ ní kí ọmọ náà fi ìka kan ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ ti dé góńgó fún ẹ̀dá ìtàn náà, kó sọ ohun tí ẹni náà lè pàdánù níbẹ̀, kó sọ ẹlòmíràn tó wà ní ipò kan náà tó ṣe ọ̀tọ̀. Ọmọ tó bá lè ṣe èyí, kókó mẹ́rin tí olùdánwò ń wá kò ní wọ́n ọn. Bí ọmọ bá sì mú ẹni tí ẹ kò retí wá, tó fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn láti inú ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ tó báyìí ni pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dé góńgó fún àwọn ọmọ yìí. Ọmọ ọmọ mi sọ fún mi pé wọ́n ń dá owó ní kíláàsì wọn láti ra ìbéèrè ìdánwò. Gbogbo wọn ni wọ́n ń dá a. Àwọn òbí mìíràn mọ̀, wọ́n tilẹ̀ fi owó náà ránṣẹ́. Ọmọ tí kò bá dá a, ọ̀dàlẹ̀ ni wọn yóò pè é. Kò sí ògbójú ọdẹ níbẹ̀, kò sí Òkè Lángbòdó, kò sí idà tí wọ́n máa yọ. Yàrá tó gbóná ni, bébà tí wọ́n ń gbé kiri, orúkọ tí wọ́n ń kọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá gbé bébà náà kọjá láìkọ orúkọ tirẹ̀, onílù kankan kò ní kì í. Kì í ṣe Kàkò ni yóò ràn án lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí a bá ti kọ́ ọ pé ojo ni Àmúsà, a ti gba ẹni kan ṣoṣo tó jọ ọ́ nínú ìwé náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo bi í bóyá ó ti dá owó náà. Ó ní rárá. Mo bi í ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Kò dáhùn, ó ń ṣí ìwé rẹ̀ pa, ó ń ṣí i pa.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wọlé padà. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó ṣe àtúnṣe, kó fi orúkọ ẹlòmíràn dípò Àmúsà. Ní alẹ́ Àìkú, lẹ́yìn tó ti di ẹrù rẹ̀ tán, mo yọjú wo ìwé náà lórí tábìlì. Ó fa ìlà sábẹ́ iṣẹ́ àná, ó kọ "Àtúnṣe" pẹ̀lú déètì. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ojú ewé tí Àmúsà ti sọ̀rọ̀ nípa eégún, ó sì da ọ̀rọ̀ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Yorùbá kan tó ti fẹ̀yìn tì